Ọdẹ Béárì ní Ìgbà Ìrúwé: Kí Ni A Ń Wá Lọ sí Orí Òkè?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó dá ẹranko, tí Ó sì pín arísìkí oníkálukú fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú oṣù yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ó ya àwa náà lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ó gbé e wá sí ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Montana, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òkè Rocky Mountains wà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pè é pé kí ó bá àwọn lọ dọdẹ béárì dúdú ní ìgbà ìrúwé. Láti ìgbà òtútù ni wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Wọ́n ti wá ìbọn tí yóò yá lò fún un, wọ́n sì ti fi ibi tí wọn yóò pàgọ́ sí hàn án lórí àwòrán ilẹ̀. Arákùnrin yìí wá kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó bá òun bi àwọn ẹgbẹ́ léèrè: ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí bá wọn lọ? Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ojo ni òun, òun kò sì fẹ́ ṣẹ Ọlọ́hun. Ó ní èyí tí ó tilẹ̀ ń dun òun jù ni pé láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni yóò pe òun sí ohun kan tí kì í ṣe iṣẹ́.

Ìpàdé méjì ni a fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá kan ní, "Ọdẹ ṣíṣe ṣáà jẹ́ hàláàlì, kí ni a tún ń bèèrè?" Apá kejì ní, "Béárì kẹ̀! Harámù ni, ọ̀rọ̀ parí." Nígbà tí a jókòó tì í dáadáa, a rí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n yára jù.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢÈTÒ ỌDẸ NÁÀ

Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń dá ẹjọ́ lé lórí. Béárì dúdú jẹ́ ẹranko ńlá onírun kíki tí ó ń gbé inú igbó àti orí òkè ní Àríwá Amẹ́ríkà. Iye wọn lórí ilẹ̀ náà ju 600,000 lọ. Bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní dúdú, òmíràn máa ń pọ́n, òmíràn sì ní àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé, tí oúnjẹ sì tán, yóò wọ inú ihò lọ, yóò sì sùn fún oṣù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ, láìmu. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni Ọlọ́hun fi ń bọ́ ọ. Inú ihò yìí náà ni abo ti ń bímọ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì. Ọmọ náà kò ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, yóò sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀.

Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Akọ ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde. Abo tí ó bí ọmọ tuntun ni ó máa ń kẹ́yìn. Ebi ti pa wọ́n, ara wọn ti fà. Ohun tí wọ́n sì máa ń jẹ lákọ̀ọ́kọ́ ni koríko tútù tí ó ń hù ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí gúúsù, nítorí pé ibẹ̀ ni oòrùn ti ń tètè yọ́ yìnyín. Ibẹ̀ kan náà ni ọdẹ yóò ti máa wá wọn. Ní Montana, ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni wọ́n ń ṣí ọdẹ yìí, wọn yóò sì tì í láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, gẹ́gẹ́ bí àgbègbè bá ti rí.

Ètò rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọdẹ yóò gba ìwé àṣẹ, béárì kan ṣoṣo ni ìwé náà sì fún un láyè láti pa ní ọdún kan. Yóò ṣe ìdánwò láti fi hàn pé òun mọ béárì dúdú yàtọ̀ sí grizzly, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú igbó ibẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ti ń dáàbò bo grizzly láti ọdún 1975. Wọn yóò kọ́ ọ pé kí ó má wo àwọ̀, nítorí pé àwọ̀ ń tan ni jẹ: iké tí ó wà ní èjìká grizzly ni kí ó wò, àti èékánná rẹ̀ tí ó gùn, àti etí rẹ̀ tí ó kúrú. Òfin Montana kò gbà kí a fi ìjẹ tan béárì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Idaho tí ó bá a pààlà gbà á. Lẹ́yìn èyí ni ọdẹ yóò gun òkè, yóò jókòó sí òdìkejì àfonífojì ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì máa fi awò awọ̀nàjíjìn wo ibi tí koríko bá ti tútù. Ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìrí nǹkan kan. Bí ó bá rí béárì, kò gbọdọ̀ yára, nítorí pé òfin kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni pa abo tí ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ náà sì lè wà lórí igi tàbí nínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ nígbà tí ìyá ń jẹun. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wò ó pẹ́ títí. Bí ó bá sì pa á, ó gbọ́dọ̀ fi tó ilé iṣẹ́ ìjọba létí láàárín wákàtí 48.

A kò kọ èyí láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọdẹ. A kọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé àwọn tí wọ́n pe arákùnrin wa kì í ṣe ẹni tí ń yìnbọn káàkiri inú igbó. Wọ́n ní sùúrù, wọ́n ní ìmọ̀, wọ́n sì ń pa òfin mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìbéèrè náà fi ṣòro. Ì bá jẹ́ pé ìkà ni wọ́n, à bá ti sọ fún un ní ọjọ́ kan náà pé kó má lọ.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA SỌ NÍPA ỌDẸ

Ọdẹ ṣíṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú Ìsìláàmù. Nínú súúrà Al-Má'idah, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún wa láti jẹ ohun tí àwọn ẹranko tí a kọ́ ní ọdẹ bá mú wá, bí a bá ti dárúkọ Rẹ̀ sí i. Nígbà tí Adiyy ọmọ Hatim, sàhábà tí ó jẹ́ ọdẹ, bi Ànábì (SAW) léèrè, Ànábì kò bá a wí pé ó ń dọdẹ. Ó kọ́ ọ ní bí yóò ṣe ṣe é: pé bí ajá rẹ̀ bá ti jẹ nínú ẹran náà kí òun má jẹ ẹ́, nítorí pé ara rẹ̀ ni ajá náà mú un fún, pé bí ó bá ta ọfà lu ẹran, tí ó sì bá a nínú omi, kí ó fi í sílẹ̀, nítorí pé kò mọ̀ bóyá omi ni ó pa á. Ẹ kíyè sí i bí ìlànà yìí ti rí wínníwínní. Níbi tí iyèméjì bá ti wọ̀ ọ́, fífi sílẹ̀ ni.

Nínú súúrà yìí kan náà, Ọlọ́hun kọ ọdẹ fún ẹni tí ó bá wà nínú ìhrámù, Ó sì jẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ mọ̀ pé Òun yóò fi ẹran ìgbẹ́ tí ó súnmọ́ ọwọ́ àti ọ̀kọ̀ wọn dán wọn wò, láti fi ẹni tí ń bẹ̀rù Òun ní ìkọ̀kọ̀ hàn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará wa. Ẹran wà nítòsí, ohun ìjà wà lọ́wọ́, kò sí ọlọ́pàá, kò sí aṣọ́gbó, ebi sì lè máa pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá dá ọwọ́ dúró ní irú ibẹ̀ ti jọ́sìn fún Olúwa rẹ̀. Èyí fi yé wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ tó ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ mú.

Ànábì wa (SAW) sì kọ̀ pé kí a fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe àmì tí a ó máa ta ọfà sí. Ìgbà kan wà tí àwọn sàhábà kó ọmọ ẹyẹ kan nígbà tí wọ́n wà ní ìrìn-àjò. Ìyá ẹyẹ náà dé, ó ń na ìyẹ́ rẹ̀ láàárín wọn. Ànábì bèèrè ẹni tí ó fi ọmọ ba ìyá yìí nínú jẹ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà fún un. Nínú àlàyé àwọn onímọ̀, ìwé Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, èyí tí púpọ̀ nínú wa ti kà ní ilé kéwú, pín ọdẹ sí ọ̀nà méjì: ọdẹ eré jẹ́ makrúhu, ohun tí ẹ̀sìn kórìíra, ọdẹ tí kì í ṣe ti eré ni ó jẹ́ ohun tí a yọ̀ǹda. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan ìbọn tàbí òkè. Ohun tí a ó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, eré ni àbí kì í ṣe eré?

BÉÁRÌ GAN-AN ŃKỌ́?

Bí arákùnrin wa bá pa béárì yìí, kí ni yóò fi ṣe? Àwọn ará Montana ń jẹ ẹran rẹ̀. Wọ́n máa ń sè é kí ó jinná dé inú, títí yóò fi gbóná dé 71 lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí aràn kan tí ó máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀ fún ìdáná. Ṣùgbọ́n Ànábì (SAW) kọ jíjẹ ẹranko apẹran tí ó ní ehín ọ̀gàn, ehín ọ̀gàn sì ń bẹ ní ẹnu béárì. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀, harámù ni. Àwọn kan nínú ìlànà Imam Malik, èyí tí àwọn baba wa ń tẹ̀lé, sọ pé makrúhu ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Imam Malik fúnra rẹ̀ gba hadíìsì tí ó kọ̀ ọ́ sínú ìwé Al-Muwatta. Ẹnìkan nínú wa sọ pé koríko àti èso ni béárì dúdú ń jẹ jù, kí ló dé tí a fi kà á mọ́ apẹran? Òótọ́ ni pé koríko ni ó ń jẹ jù. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, ó tún máa ń wá ọmọ àgbọ̀nrín àti ọmọ elk tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kiri, ó sì ń pa wọ́n jẹ. Èyí tí ó rọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ni pé ohun tí ẹ̀sìn kórìíra ni. Kò sí olóye tí yóò pa iṣẹ́ tì, tí yóò gun òkè fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí ohun tí ẹ̀sìn kórìíra.

Awọ rẹ̀ ńkọ́? Awọ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń fẹ́ ní ìgbà ìrúwé, nítorí pé irun béárì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ihò máa ń kún, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í re. Wọn yóò gbé e kọ́ ara ògiri tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọn yóò sì fi agbárí rẹ̀ sí orí tábìlì. Ṣùgbọ́n hadíìsì wà pé Ànábì wa (SAW) kọ fífi awọ ẹranko apẹran ṣe ìjókòó. Àwọn onímọ̀ ní ìyapa ẹnu lórí awọ tí a bá ti há, a kò sì ní í bá wọn dá sí i. Ohun tí a mọ̀ ni pé arákùnrin wa kò ṣe aláìní ohun ìtẹ́lẹ̀.

Bí a bá wá yọ ẹran kúrò, tí a sì yọ awọ kúrò, kí ni ó kù? Ó ku àwòrán tí wọn yóò yà pẹ̀lú òkú ẹran, ó ku ìtàn tí wọn yóò sọ ní ibi iṣẹ́, ó sì ku orúkọ pé òun náà ti pa béárì.

ÀWÍJÀRE TÍ A GBỌ́

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a kò gbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Àwíjàre mẹ́rin ni a gbọ́ ní ìpàdé, gbogbo wọn ni ó sì ní ìtumọ̀.

Èkínní: pé béárì jẹ́ ẹranko tí ó lè ṣe ènìyàn lése, ẹ̀sìn sì yọ̀ǹda pé kí a pa ohun tí ń ṣeni léṣe. Òótọ́ ni. Bí béárì bá kọlu ènìyàn, tàbí tí ó ń wọ inú ilé, pípa rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n béárì tí ó ń jẹ koríko ní ẹ̀gbẹ́ òkè, tí ó ṣe pé àwa ni a wakọ̀, tí a rìn, tí a jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin kí a tó lè rí i, ta ni ó kọlu nínú àwa àti òun? Hadíìsì wà nípa Ànábì kan láyé àtijọ́ tí èèrà kan ta, tí ó sì dáná sun gbogbo ilé èèrà. Ọlọ́hun bá a wí pé nítorí èyí kan tí ó ta á, ó pa ìjọ kan tí ń ṣe àfọ̀mọ́ Olúwa wọn. Bí ọ̀rọ̀ èèrà bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wí nípa béárì?

Èkejì: pé ìjọba ni ó fi àṣẹ sí i, kí béárì má baà pọ̀ jù, àti pé owó tí àwọn ọdẹ ń san ni wọ́n fi ń tọ́jú igbó. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Láti ọdún 1937 ni òfin Amẹ́ríkà ti ń gba owó orí lórí ìbọn àti ọta láti fi tọ́jú ẹran ìgbẹ́, ọ̀pọ̀ igbó ni ó sì ti jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ gan-an ń jiyàn lórí ọdẹ ìgbà ìrúwé. Ní ọdún 1992, àwọn ará Colorado dìbò, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ní kí wọ́n dá a dúró, pàápàá nítorí àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò lè dá jẹun. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ẹran ìgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ Washington pinnu pé àwọn kò ní ṣí i mọ́ fún ìgbádùn. Montana àti Idaho ṣì ń ṣe é ní tiwọn. Bí àwọn onílẹ̀ kò bá tíì fẹnu kò, àṣẹ ìjọba nìkan kò lè jẹ́ ìdáhùn fún ẹ̀rí-ọkàn wa. Ohun tí òfin yọ̀ǹda ni ìwé àṣẹ ń sọ, kò sọ ohun tí ó yẹ wá. Ẹ jẹ́ kí a sì bi arákùnrin wa léèrè pé: ṣé nítorí kí béárì má pọ̀ jù ni ó fi fẹ́ lọ? Bí kì í bá ṣe òun ni ó gbé e dìde, kí ó má fi ṣe àwíjàre.

Ẹ̀kẹta: pé bí òun kò bá tilẹ̀ jẹ ẹran náà, àwọn ọ̀rẹ́ òun yóò jẹ ẹ́, kò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n oníkálukú wọn ni ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ebi ń pa nínú wọn. Àánú àwọn tí kò béèrè fún ìrànlọ́wọ́ kọ́ ni yóò mú un tẹ ìbọn.

Ẹ̀kẹrin ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù: pé òun nìkan ni òun wà láàárín wọn, pé bí òun bá kọ̀, wọn kò ní í pe òun mọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ẹni tí kò tíì gbé ní ìlú tí kò ti ní ará, tí kò ti ní mọ́sálásí nítòsí, kò mọ bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n ṣé òkú béárì ni ó yẹ kí ó fi ra ọ̀rẹ́? Ọ̀rẹ́ tí ó bá gbà á nítorí ìbọn nìkan, ìbọn ni ó gbà.

NÍNÚ ÌMÚRA NI NÍYYAH TI Ń FARA HÀN

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé níyyah ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ níyyah ara rẹ̀? Ọkàn lè tan olówó rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó bá pàdé ẹran lójijì tí ó sì yìnbọn lè sọ pé òun kò rò ó. Ẹni tí ó ń ṣètò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ètò ni ọkàn ti ń jẹ́wọ́. Kí ni a kọ́kọ́ rà? Kí ni a ń rò kí oorun tó gbé wa lọ? Bí ẹnìkan bá ń ronú ibi tí yóò gbé awọ kọ́ kí ó tó ronú bí yóò ṣe gbé ẹran sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, níyyah rẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí a bá sọ fún wa pé a lè lọ, a ó rí béárì náà, a ó sì pa á, ṣùgbọ́n kò ní sí àwòrán, kò ní sí awọ, a kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé, ǹjẹ́ a ó ṣì yìnbọn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí ojú ayé ni a fi ń lọ, ṣekárími ni, a sì mọ ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa ṣekárími. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá sí ebi, tí kò sí ewu, tí kò sí èrè, tí a ṣì fẹ́ pa á, a jẹ́ pé pípa gan-an ni ó dùn mọ́ wa. Ẹni tí ó bá bá irú adùn bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀rù bà á.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn kẹta wà, a sì rò pé òun ni ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gun òkè wọ̀nyí. Wọ́n fẹ́ràn òkè. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n jí ní ìdájí, kí wọ́n rí yìnyín tí ń yọ́, kí wọ́n mọ ọ̀nà ẹran, kí wọ́n sún mọ́ ẹranko ńlá tí kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ohun rere ni. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ pè wá kí a wo òkè àti ẹranko, kí a sì ronú, Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ìjọ bíi tiwa ni wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí, ṣáá: gbogbo èyí ni ó ti parí kí ìbọn tó dún. Sùúrù ti wà, ìmọ̀ ti wà, ìgboyà ti wà, ẹwà ti wà. Ìbọn kò fi nǹkan kan kún un fún ẹni tí kò ní jẹ ẹran náà.

Ọ̀rọ̀ ìrun náà sì wà níbẹ̀. Ní òpin oṣù karùn-ún, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Montana, wákàtí tí ó kẹ́yìn ọjọ́ sì ni béárì máa ń jáde wá jẹun jù. Ní àkókò tí ọdẹ gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ láìmira ni Magharibi ń wọlé. Ànábì wa (SAW) ti kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń lé ẹran kiri yóò di onígbàgbé. Ẹni tí ó bá ti rí béárì nínú awò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ó ti jókòó, ṣé yóò dìde kírun?

KÍ A TÓ DÁ ẸLÒMÍRÀN LẸ́BI

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, a kò gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ yìí kí a sì lọ sùn bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Ọdẹ Montana kan yóò jókòó fún wákàtí kan gbáko kí ó lè mọ̀ bóyá béárì tí ó rí ní ọmọ. Àwa ńkọ́? Ní ọjọ́ Iléyá, àgbò tí a fẹ́ fi sún mọ́ Ọlọ́hun, báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ṣé a kì í wọ́ ọ nílẹ̀? Ṣé a kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú rẹ̀, kí a sì pa ọ̀kan níṣojú èkejì? Ànábì (SAW) ní kí a pọ́n ọ̀bẹ kí ó mú, kí a sì fún ẹran ní ìsinmi. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń so àgbò mọ́lẹ̀ nínú oòrùn láìfún un lómi láti àárọ̀, tí a sì ń fà á jáde kí àwọn aládùúgbò lè rí bí ìwo rẹ̀ ti tóbi tó. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín agbárí béárì tí ó wà lórí tábìlì àti ìwo àgbò tí a fi ń yangàn? Ẹran hàláàlì ni àgbò, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n níyyah lè ba hàláàlì jẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tí arákùnrin wa fi ránṣẹ́ láti Montana, àwa ni ó bi. Ẹ̀mí tí kò lè sọ̀rọ̀ tí Ọlọ́hun fi sí abẹ́ agbára wa, ṣé nítorí bùkátà ni a fi ń gbà á ni, àbí kí ojú lè rí wa?

OHUN TÍ A KỌ SÍ I

A kì í ṣe mùfútì, a kò sì dájọ́ bí mùfútì. A ní kí ó tún bi àwọn onímọ̀ tí ó bá sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n a kọ ìmọ̀ràn wa sí i báyìí, arábìnrin wa sì fi ránṣẹ́.

A ní kí ó bá wọn lọ, bí ó bá ti lè kírun rẹ̀ lásìkò. Kí ó bá wọn ru ẹrù, kí ó bá wọn dáná, kí ó bá wọn jókòó sí òdìkejì àfonífojì, kí òun náà fi awò wo òkè. A ní kí ó sọ òótọ́ fún wọn ṣáájú, kí ó má dúró di orí òkè: pé ẹ̀sìn òun kò jẹ́ kí òun jẹ béárì, àti pé òun kò lè gba ẹ̀mí ohun tí òun kò ní jẹ. Kò sí ìdí fún un láti bá wọn jà nítorí tiwọn. A rò pé ọdẹ tí ó ti sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ rí nítorí pé ó rí ọmọ béárì lórí igi yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé. Bí wọ́n bá sì fi í rẹ́rìn-ín, kí ó fi sùúrù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. A ní kò sí ojo nínú ẹni tí ó mú ìbọn lọ́wọ́, tí ẹran wà níwájú rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ nítorí Ọlọ́hun. Irú ọkùnrin tí ìdánwò ẹran ìgbẹ́ inú súúrà Al-Má'idah ń wá nìyẹn.

Títí di ìgbà tí a fi ń kọ èyí, a kò tíì rí èsì rẹ̀ gbà. Ohunkóhun tí ó bá ṣe, arákùnrin wa ni, a kò ní dáwọ́ àdúà dúró fún un. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ní èrò tí ó yàtọ̀ sí tiwa, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ẹ̀rí jiyàn, kí ìbínú má sì sí níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun mọ́ níyyah wa, kí Ó fi àánú sí wa lọ́kàn fún ohun gbogbo tí Ó dá, kí Ó má jẹ́ kí ẹ̀mí kan dúró ní iwájú Rẹ̀ lọ́la kí ó bèèrè lọ́wọ́ wa ìdí tí a fi pa òun. Àmín. Máásàlámù.